Ẹ béèrè orúkọ igi kí ẹ tó gé e

Igi mẹ́sàn-án ni wọ́n gé lójú títì kan ní Àbújá níbí nínú oṣù kẹta, kí ọ̀nà lè fẹ̀ sí i. Mo kà wọ́n. Ṣọ́ọ̀bù mi ní Kugbo ni mo ń lọ láàárọ̀ ọjọ́ náà nígbà tí mo gbọ́ ariwo ẹ̀rọ ìgégi, mo sì ní kí onítakisí já mi sílẹ̀. Kí n tó débẹ̀, mẹ́fà ti wà nílẹ̀. Èyí tó tóbi jù nínú wọn, bí èmi àti ẹlòmíràn bá jọ na ọwọ́ yí i ká, ọwọ́ wa ò ní kan ara wọn.

Mo lóṣòó ti ìdí rẹ̀. Ojú ibi tí ayùn gbà kọjá rí gbágungbàgun, kò sí ohun tí èèyàn lè rí kà níbẹ̀. Mo yọ ọ̀bẹ, mo fá ibi tí kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ títí ó fi jọ̀lọ̀, mo wá fi itọ́ pa á, torí bí omi bá ti kan ojú igi ni àwọ̀ rẹ̀ ń jáde. Etí rẹ̀ níta mọ́ díẹ̀, inú rẹ̀ pọ́n bí obì àbàtà. Èèpo rẹ̀ rí bí eérú, ó ń ṣí wẹ́wẹ́ bí ìpẹ́ ẹja. Mo fi eyín kan èèpo inú, ó korò dé ọ̀nà ọ̀fun. Ewé tó dà sílẹ̀ tò ní méjì-méjì sára ọ̀pá rẹ̀, kò sí ewé kan ṣoṣo tó dá dúró lórí ṣóńṣó. Èso rẹ̀ roboto, ó le bí igi, èyí tó ti gbẹ ti là sí mẹ́rin, àwọn hóró pẹlẹbẹ tó níyẹ̀ẹ́ sì tò pọ̀ sínú rẹ̀ bí owó ẹyọ nínú àpò. Kò sí iyèméjì mọ́. Ọ̀gànwó ni. Maɗaci ni àwọn Haúsá ń pè é, ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi ń pe ìkorò ló sì wà nínú orúkọ yẹn.

Mo bi ọmọkùnrin tó di ẹ̀rọ mú pé irú igi wo ló ń gé. "Itace ne," ló fi dá mi lóhùn. Igi ni. Mo lọ bá ẹni tó ń darí wọn, ọmọ Ìlọrin, ó sì kí mi dáadáa. "Ẹ̀gbọ́n, n ò mọ irú igi tó jẹ́ o. Wọ́n ní ká ti palẹ̀ ibí mọ́ kó tó di ìrọ̀lẹ́, kátapílà ń bọ̀ lọ́la." Ìwé tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ sọ iye igi tí wọn yóò gé, kò sọ irú igi tí wọ́n jẹ́. Ẹ̀ẹ̀mejì ni ayùn wọn kú lójú mi. Ìṣó ló fà á, ìṣó pósítà ìdìbò tí wọ́n ti kàn mọ́ igi náà láti ọdún gbọ́nhan, tí ara igi ti bò, tó ti dúdú sínú ẹran igi. Àwọn tó fi ojú ara wọn kàn mọ́ ọn nígbà tí wọ́n ń wá ìbò, mi ò rí ẹnì kan nínú wọn tó wá béèrè ohun tí igi náà ṣe.

Nígbà tó fi máa di aago mẹ́rin, àfi ìtì kan ṣoṣo, wọ́n ti ké gbogbo yòókù wẹ́lẹwẹ̀lẹ, tí ìkọ̀ọ̀kan kò gùn ju apá èèyàn lọ, ọkọ̀ méjì sì ti kó wọn lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń ta igi ìdáná.

Mo mọ̀ pé àwọn kan á ti máa sọ pé mo lòdì sí títì. Èmi náà ń wọkọ̀ lójoojúmọ́, mo mọ ohun tí gosiló ń fi ojú wa rí. Igi tó ti kẹ̀ nínú sì wà, tí ìjì àkọ́rọ̀ òjò lè wó lu ọkọ̀ tàbí lu ọmọ ẹni ẹlẹ́ni. Ẹ gé irú wọn. Ohun tó ń dùn mí ni pé à ń gé igi tí a ò mọ̀. Ohun tí a ò mọ orúkọ rẹ̀, báwo la ṣe máa mọ̀ pé ó ti ń tán?

Ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ ní Ògbómọ̀ṣọ́ kì í jẹ́ kí n fọwọ́ kan ayùn láìjẹ́ pé mo ti pe orúkọ pákó tó wà níwájú mi. Ìrókò, apá, arère, àyin, ọ̀gànwó. Bí mo bá ṣì í pè, ìsọ̀ ni màá máa gbá títí ilẹ̀ á fi ṣú. Ó máa ń sọ fún wa pé bí a bá ṣá ìrókò lára, omi funfun bíi wàrà ló ń jáde, àti pé òkúta máa ń wà nínú rẹ̀ tó ń ba eyín ayùn jẹ́. Èdè wa pe gbogbo wọn ní igi lóòótọ́, èyí tó dúró, èyí tó wà nílẹ̀ àti èyí tó wà nínú iná, gẹ́gẹ́ bí Haúsá náà ṣe ń pè é ní itace. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà kò dúró síbẹ̀. Igi kọ̀ọ̀kan ló lórúkọ lọ́dọ̀ wọn.

Lóde òní, ní ọjà pákó, gbogbo pákó pupa ti di mahógánì. Èmi náà ti sanwó ọ̀gànwó gba dongoyaro rí. Ẹbí kan náà ni àwọn méjèèjì, ara wọn sì jọra, ṣùgbọ́n ọ̀kan jẹ́ ọmọ onílẹ̀, èkejì wá láti òkèèrè. Ọdún 1928 ni wọ́n kọ́kọ́ gbìn ín ní Máídúgùrì. Dongoyaro kì í ṣe igi burúkú, ikán kì í fẹ́ràn rẹ̀. Kí ẹni tó ń tà á ṣáà pè é ní orúkọ rẹ̀.

Ẹ gbọ́ ohun tó mú kí ọ̀rọ̀ yìí ká mi lára tó bẹ́ẹ̀. Nínú oṣù kọkànlá ọdún 2022, ní Panama, àwọn orílẹ̀-èdè tó fọwọ́ sí àdéhùn CITES, àdéhùn tó ń ṣàkóso títa àwọn ẹranko àti igi tó lè run láti ilẹ̀ kan sí òmíràn, pa ìmọ̀ pọ̀ pé ìran ọ̀gànwó, ìran apá àti ìran osùn tó hù nílẹ̀ Áfíríkà kò gbọdọ̀ kọjá ẹnu ibodè láìsí ìwé àṣẹ. Nàìjíríà wà nínú àdéhùn náà. Igi tí wọ́n ń béèrè ìwé rẹ̀ ní èbúté, òun náà ni wọ́n fi ń yan súyà ní Àbújá.

Ẹni tó bá sì rò pé àsọdùn ni, kó rántí madobiya. Osùn inú pápá ni, tó ń sun oje pupa bí ẹ̀jẹ̀ bí wọ́n bá ṣá a. Kí àwọn ará Ṣáínà tó bẹ̀rẹ̀ sí wá a fún àga àti bẹ́ẹ̀dì olówó iyebíye, èédú, igi ìdáná àti ewé màlúù ni ọ̀pọ̀ èèyàn lápá òkè ọya níbí mọ̀ ọ́n mọ́. Kò sẹ́ni tó ń ka iye tó wà nínú igbó Taraba. Ìgbà tí wọ́n máa kà á, inú kọ̀nténà ni wọ́n ti ń kà á. Ìwádìí tí EIA, àjọ kan tó ń tú àṣírí àwọn tó ń ba igbó àti àyíká jẹ́, gbé jáde nínú oṣù kọkànlá ọdún 2017 sọ pé gẹdú rẹ̀ tó lé ní 1,400,000 ló ti ọ̀dọ̀ wa wọ Ṣáínà lọ́nà àìtọ́, àti pé lẹ́yìn tí igi ti kúrò nílẹ̀ ni wọ́n tó fọwọ́ sí ìwé rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ òfin ilẹ̀ wa kò gbà kí ẹnikẹ́ni kó gẹdú tàbí pákó lásán jáde. Ní 2018, àwọn CITES ní kí àwọn orílẹ̀-èdè yé ra igi yìí lọ́wọ́ Nàìjíríà; nígbà tó di 2022, ọ̀rọ̀ náà kan gbogbo Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà tí igi náà ń hù sí. Àwọn àgbà ní òòjọ́ kọ́ ni Olúwéré ń jà.

Igi óákù kì í hù nílẹ̀ wa. Inú Bíbélì ni ọ̀pọ̀ nínú wa ti mọ̀ ọ́n, òun ló gbá orí Ábúsálómù mú. Nígbà tí iná jó ṣọ́ọ̀ṣì Notre-Dame ní Paris lọ́dún 2019, nǹkan bí 1,000 igi óákù ni wọ́n wá láti fi tún ṣóńṣó orí rẹ̀ ṣe. Àwọn tó mọ igi wọ igbó káàkiri ilẹ̀ Faransé, wọ́n yàn wọ́n ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, wọ́n sàmì sí wọn lára, wọ́n sì gé wọn kí oṣù kẹta ọdún 2021 tó parí, kí oje tó bẹ̀rẹ̀ sí gòkè nínú igi. Àwọn kan níbẹ̀ bínú gidigidi, wọ́n ní kò yẹ kí wọ́n gé wọn. Èmi ò ní dá sí ìjà wọn. Ṣùgbọ́n ìjà náà ṣeé jà, torí pé iye igi, irú rẹ̀ àti igbó tó ti wá wà lójú táyé. Ní Àbújá, kí la máa fi jà? Ìwé tó wà lọ́wọ́ ọmọ Ìlọrin yẹn?

A ò sì lè sọ pé a ò ní ẹni tó mọ igi. Iléẹ̀kọ́ ìmọ̀ igbó ti ìjọba àpapọ̀ wà ní Jos, òmíràn wà ní Afaka ní Kaduna, àwọn ọmọ ń jáde níbẹ̀ lọ́dọọdún, ọ̀pọ̀ wọn kò sì ríṣẹ́. Ilé ìwádìí ìmọ̀ igbó wà ní Ìbàdàn láti 1954, ewé igi oríṣiríṣi tí wọ́n sá gbẹ wà ní ìpamọ́ níbẹ̀. Kí ìjọba ní kí méjì nínú àwọn ọmọ yẹn rin títì náà já kí ẹ̀rọ tó dé. Kí wọ́n fi ọ̀dà kọ nọ́ńbà sára igi kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ lédè òyìnbó àti lédè tí àwọn ará àdúgbò ń sọ, kí wọ́n lẹ ìwé náà síta fún ọ̀sẹ̀ méjì kí ẹni tó bá fẹ́ sọ̀rọ̀ lè sọ. Bí igi bá wá ní láti lọ, kí wọ́n fi ìtì rẹ̀ sílẹ̀ ní gígùn, kí wọ́n tà á ní gbangba fún àwa tó ń fi igi ṣiṣẹ́, kí owó rẹ̀ sì lọ sórí gbígbin òmíràn àti bíbomi rin ín.

Àwọn obìnrin tó ń dáná ńkọ́? Ẹ̀ka ń bẹ. Mo máa ń rí àwọn ìyá Gbagyi tó ń ru igi lé èjìká, mo mọ ohun tí sílíńdà gáàsì ń gbà lápò báyìí, n ò ní fẹ́ kí ẹnikẹ́ni gba igi lọ́wọ́ wọn. Ẹ̀ka igi kan tó bí èyí tí mo rí yẹn á dáná fún ọ̀pọ̀ ilé. Ìtì ọ̀gànwó gan-an nira láti là, ẹni tó ti gbé àáké sí i rí á jẹ́rìí mi.

Mo bẹ ọmọ Ìlọrin yẹn kó fi ìtì kan sílẹ̀ fún mi, ó sì gbà. Mo sanwó ọkọ̀ àti owó àwọn tó rù ú, mo gbé e lọ là. Ó wà lábẹ́ òrùlé ní ṣọ́ọ̀bù mi báyìí, mo fi igi tẹ́ẹ́rẹ́ la pákó kọ̀ọ̀kan láàárín kí atẹ́gùn lè gbà á kọjá, mo fi ọ̀dà kun ojú orí rẹ̀ kó má baà sán. Mo fi ṣọ́ọ̀kì kọ ọ́ sára rẹ̀: ọ̀gànwó, orúkọ títì, oṣù kẹta. Mẹ́jọ yòókù ti di eérú, kò sì sí ibi tí wọ́n kọ orúkọ wọn sí. Mo yẹ̀ wọ́n wò lọ́kọ̀ọ̀kan kí ọkọ̀ tó kó wọn lọ. Ọ̀gànwó ni gbogbo wọn.