Kì í ṣe agbádá ló ń gbé èèyàn dé iwájú bàálù

Kí ọmọ Akure kan tó kúrò nílé lọ wọ bàálù ìlú òyìnbó ní Ìkẹjà, wọn á ti fún un ní ìmọ̀ràn kan: wọ aṣọ gidi, rẹ́rìn-ín sí òṣìṣẹ́ tó wà ní géètì, ẹnu ọ̀nà tí wọ́n ń gbà wọ bàálù, bẹ̀ ẹ́ dáadáa, á gbé ẹ sí bísínẹ́ẹ̀sì kíláàsì tó wà níwájú, láìgba owó kún un. Àwọn mìíràn á ní kó purọ́ pé ọjọ́ ìbí òun ni. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń rí ẹni tó wọ kóòtù láti Alágbàká, tó ń làágùn gba Orè dé Èkó, nítorí ìjókòó tí ẹnikẹ́ni ò ṣèlérí fún un.

Irọ́ ni. Kọ̀ǹpútà ló ń to orúkọ, kò sì rí aṣọ. Tí ẹ bá wọ bàálù Delta, ti Amẹ́ríkà, dé Atlanta, tí ẹ fẹ́ wọ òmíràn lọ sí Houston, ẹ wo ojú tẹlifíṣọ̀n tó wà ní géètì, ibẹ̀ ni wọ́n ń to orúkọ àwọn tó ń dúró de ìjókòó iwájú sí. Lẹ́tà mẹ́ta àkọ́kọ́ nínú orúkọ ìdílé ló wà níbẹ̀, pẹ̀lú lẹ́tà kan látinú orúkọ ẹni. (Tiwa máa ń dàrú níbẹ̀: “ADE, O” lè jẹ́ Adéyẹmí, ó lè jẹ́ Adébáyọ̀. Ẹ má tíì jó.) Ẹni tó ti ní ipò lọ́dọ̀ wọn nítorí pé ó máa ń wọ bàálù wọn lemọ́lemọ́ ló ń ṣáájú, irú tíkẹ́ẹ̀tì tó rà ló tẹ̀ lé e. Láti Èkó sí Atlanta gan-an, ipò yẹn nìkan kì í fúnni ní ìjókòó bísínẹ́ẹ̀sì lọ́fẹ̀ẹ́.

Àmọ́ wọ́n máa ń gbé èèyàn síwájú lóòótọ́. Wọ́n máa ń ta tíkẹ́ẹ̀tì ju ìjókòó lọ, torí wọ́n mọ̀ pé àwọn kan ò ní yọjú. Bí gbogbo èrò bá wá pé, tí ẹ̀yìn kún, tí iwájú ṣì ṣófo, wọ́n á kó díẹ̀ lọ síwájú. Àánú kọ́, àyè ni wọ́n ń wá, àwọn tó ní ipò náà ni wọ́n sì sábà máa ń kọ́kọ́ mú. Ẹni tó bá ṣe kòńgẹ́ rẹ̀ nínú súùtù á délé, á ní súùtù ló ṣe é. Àwọn tó wọ súùtù, tí wọ́n jókòó ti ilé ìgbọ̀nsẹ̀ títí dé London, wọn kì í ròyìn.

Ọ̀rọ̀ aṣọ yìí ní orísun ṣá. Àwọn òṣìṣẹ́ àti ẹbí wọn tó ń fi tíkẹ́ẹ̀tì òṣìṣẹ́ rìn ni òfin aṣọ wà fún. Ní oṣù Kẹta ọdún 2017, ilé iṣẹ́ bàálù United ti Amẹ́ríkà ò jẹ́ kí àwọn ọmọbìnrin méjì wọlé ní Denver nítorí lẹ́gíńsì, ṣòkòtò tó máa ń fún mọ́ ẹsẹ̀. Ariwo ta lórí Twitter, àṣé tíkẹ́ẹ̀tì òṣìṣẹ́ ló wà lọ́wọ́ wọn. United fúnra wọn sọ pé èrò tó bá sanwó lè wọ lẹ́gíńsì tiẹ̀.

Ẹ̀bẹ̀ géètì yẹn ló ń bí mi nínú jù. Òṣìṣẹ́ yẹn ń yẹ páálí wò, ó ń wá ẹni tí kò tíì dé, ẹ sì ń ní kó fo ẹni tí orúkọ rẹ̀ ti wà lókè. Àwa náà kọ́ la máa ń pariwo bí ẹnì kan bá gba iwájú wa lórí ìlà ATM ní Adésídà? Bí ẹ bá fẹ́ iwájú, ẹ béèrè iye tí wọ́n ń tà á nígbà tí ẹ bá ń fi ẹrù sílẹ̀. Ní ti bàálù ATR tí Green Africa gbé wá sí Akure, ẹ̀kọ́nọ́mì ni látòkè délẹ̀. Kò síbi tí wọ́n fẹ́ gbé yín lọ àfi ẹ̀gbẹ́ awakọ̀.

Ìgbà tí wọ́n bá dá ẹni tó sanwó iwájú padà sẹ́yìn ló yẹ ká gbóhùn sókè. Òfin NCAA, àjọ tó ń bójú tó ọkọ̀ òfurufú ní Nàìjíríà, ní kí wọ́n dá apá kan owó tíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ padà. Bí ó bá jẹ́ Air France tàbí KLM láti Èkó lọ sí Yúróòpù, ọ̀nà náà ju 3,500 kìlómítà lọ, nítorí náà ìdá 75 nínú ọgọ́rùn-ún owó apá ìrìnàjò yẹn ni EU 261, òfin Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù lórí ẹ̀tọ́ èrò bàálù, ní kí wọ́n dá padà láàárín ọjọ́ 7. Ẹ tọ́jú bọ́dìǹ páàsì àkọ́kọ́ pẹ̀lú tuntun tí wọ́n fún yín, ẹ má jẹ́ kí wọ́n gba èyíkéyìí lọ́wọ́ yín.