Ẹ̀kọ́ àyíká ju ká gbálẹ̀ lọ

Ẹni tó bá gba ọ̀nà Ògbómọ̀ṣọ́ lọ sí Òkè-Ògùn á rí àpò èédú tí wọ́n tò sẹ́bàá títì. Nílé ẹ̀kọ́ tó wà létí títì kan náà, wọ́n ń kọ́ ọmọ ní ìmọ́tótó: ẹ gbálẹ̀, ẹ má da ọ̀rá sí gọ́tà. Ó dáa. Ṣùgbọ́n mi ò tíì gbọ́ kí tíṣà kan bi wọ́n pé igi wo ló di èédú yẹn, ta ló sì jèrè rẹ̀.

Igi èmì àti igi igbá wà nínú rẹ̀. Èso èmì la fi ń ṣe òrí, igbá la fi ń ṣe irú, obìnrin ló sì pọ̀ jù nídìí iṣẹ́ méjèèjì. Èmì tó lalẹ̀ hù fúnra rẹ̀ lè lo ọdún 15 sí 20 kó tó so. Ẹni tó gé e gbowó lẹ́ẹ̀kan, ó bá tirẹ̀ lọ. Ìyá tó ń ṣa èso rẹ̀ lọ́dọọdún ńkọ́? Ilẹ̀ kì í sábà jẹ́ tirẹ̀, nítorí náà, nígbà tí wọ́n ń ná igi, kò sẹ́ni tó pè é. Apá kan èédú náà tún ń wọkọ̀ òkun lọ sí Yúróòpù, kí wọ́n lè fi yan ẹran nínú ọgbà. Ìrẹ́jẹ nìyẹn, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìdọ̀tí.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bá mi bú ẹni tó ń sun èédú o. Ọmọ ń bẹ nílé tó fẹ́ jẹun. Pẹ̀lú iye tí wọ́n ń ta gáàsì yìí, ta ni nínú wa tí kì í dáná èédú?

Olùkọ́ yunifásítì ni Wangari Maathai ní Kẹ́ńyà. Ní 1977, òun àtàwọn obìnrin ìgbèríko bẹ̀rẹ̀ sí í gbin igi. Nígbà tó yá, wọ́n ń bi ìjọba léèrè ẹni tó ń pín igbó ìlú. Àwọn ọlọ́pàá lù ú, wọ́n tì í mọ́lé. Ní 2004 ló gba ẹ̀bùn Nobel ti àlàáfíà.

Ìmọ̀ iṣẹ́ àgbẹ̀ ò wọ́n wa ní Ògbómọ̀ṣọ́. LAUTECH, yunifásítì tó ń kọ́ni níṣẹ́ àgbẹ̀ pẹ̀lú, ti wà níbí láti 1990. Tó bá jẹ́ èmi ni mò ń fún àwọn ọmọ JSS níṣẹ́ àṣetiléwá, màá ní kí wọ́n lọ ka igi èmì tó kù lóko bàbá wọn, kí wọ́n bi ìyá àgbà iye tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, kí wọ́n wá gbé ìwé náà lọ síwájú baálẹ̀. Kí baálẹ̀ sọ ẹni tó ní kí wọ́n máa gé wọn.