"Ìwé ni kò kà tó": ọ̀rọ̀ tí kì í tún máàkì ṣe

Bí èsì WAEC bá jáde ní Àkúrẹ́, tí F9 wà níwájú ìṣirò, gbólóhùn kan náà ló máa ń kọ́kọ́ bọ́ lẹ́nu ará ilé: "Ìwé ni kò kà tó. Kó lọ tún un kà láti ìbẹ̀rẹ̀." Wọ́n á gba fóònù lọ́wọ́ ọmọ, ọmọ á sì jókòó ti ìwé tó ti kà lẹ́ẹ̀mejì. Àwọn kan wà tí kò ṣíwèé rárá o. Kì í ṣe àwọn yẹn là ń bá wí.

Àkàtúnkà máa ń tan èèyàn jẹ. Bí ojú bá ti mọ ojú ewé, a ó rò pé a ti mọ ohun tó wà níbẹ̀. Ní 2006, Roediger àti Karpicke, àwọn onímọ̀ nípa ìrònú ẹ̀dá, dán an wò ní Amẹ́ríkà. Àwọn kan ń ka àyọkà kan lákàtúnkà. Àwọn yòókù kà á ní sáà kan, wọ́n pa á dé, wọ́n wá ń kọ ohun tí wọ́n rántí. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú 5, àwọn alákàtúnkà ló borí. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, wọn ò rántí ju nǹkan bí ìdá 40 nínú 100 lọ; àwọn kejì rántí nǹkan bí 61.

Ẹ wo ohun tó ń jẹ máàkì gan-an. Wọ́n ní kí ọmọ tú 3 − 2(x − 4), ó kọ −5 − 2x. 11 − 2x ló yẹ kó jẹ́. Ó mọ bí a ṣe ń tú àkámọ́, àmọ́ ó gbàgbé pé −2 lọ́nà −4 ń di +8. Tàbí kí wọ́n ní kó kọ 0.04567 sí significant figures 3, kó kọ 0.046, èyí tó jẹ́ decimal places 3, dípò 0.0457. Kó ka ìwé náà nígbà mẹ́wàá, àṣìṣe yìí ò ní kúrò, torí ọwọ́ rẹ̀ ló wà, kò sí nínú ìwé.

Ìwé èsì kì í sọ ibi tí máàkì ti jò. Ẹ wá ìbéèrè ìṣirò Paper 2 ti ọdún kan tó ti kọjá, kó ṣe é fún wákàtí 2 àti ààbọ̀ láìṣíwèé: ìbéèrè 5 ní Section A, dandan ni gbogbo wọn, máàkì 40, 5 nínú 8 ní Section B, máàkì 60. Lẹ́yìn tí ẹ bá máàkì í, kó kọ gbogbo èyí tó kùnà sínú ìwé kan, pẹ̀lú ìdí: kò mọ̀ ọ́n rárá, ó gbàgbé, ó ṣi ìbéèrè kà, tàbí àkókò tán. Ti àkọ́kọ́ nìkan ló ń dá a padà sídìí ìwé, orí ẹ̀kọ́ yẹn péré. Àwọn tó kù, kó tún wọn ṣe lẹ́yìn ọjọ́ 2, lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 3. Ibi tó ti sábà máa ń bàjẹ́ ni pé ọmọ á wo ojútùú, á ní "áà, mo mọ̀ ọ́n", á ṣí i kọjá. Kó bo ojútùú mọ́lẹ̀.

WAEC fúnra rẹ̀ ń gbé ìròyìn Chief Examiner sórí íntánẹ́ẹ̀tì, ó ń sọ ibi tí àwọn tó ṣèdánwò ti ṣubú lórí ìbéèrè kọ̀ọ̀kan. Díẹ̀ ló ń kà á.

Ti JAMB, aago ni. Ìbéèrè 180 ní wákàtí 2: ìṣẹ́jú-àáyá 40 fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, àyọkà Gẹ̀ẹ́sì sì wà nínú rẹ̀. Ẹni tó ń wá FUTA, yunifásítì ìmọ̀ ẹ̀rọ tó wà ní Àkúrẹ́, tí kò fi kọ̀ǹpútà àti aago dánra wò rí, kíkà òru kò lè gbà á.

Bí olùkọ́ tí ẹ fẹ́ gbà bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ láti orí àkọ́kọ́ láìwo ìwé àṣìṣe yẹn, ẹ bi í ní ìdí kẹ́ ẹ tó sanwó.