Fọ́ọ̀-wíìlì kì í dá ọkọ̀ dúró lórí yìnyín

Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú o. Ọ̀rọ̀ tí ẹ sọ pé ẹni tó bá ní jíìpù fọ́ọ̀-wíìlì ní Kánádà kò nílò táyà òtútù lè kó èèyàn sí wàhálà. Fọ́ọ̀-wíìlì ń pín agbára ẹ́ńjìnnì sí ẹsẹ̀ ọkọ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kí ó lè gbéra. Lóòótọ́, ẹ máa gbéra níbi tí ọkọ̀ kékeré ti ń yí ẹsẹ̀ lásán. Tí ẹ bá wá tẹ bíréèkì ńkọ́? Gbogbo ọkọ̀ ló ní bíréèkì lẹ́sẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Fọ́ọ̀-wíìlì kò fi nǹkan kan kún un. Táyà nìkan ló kan ilẹ̀.

Rọ́bà táyà ìgbà ooru máa ń le gan-an bí òtútù bá ti wálẹ̀ kọjá nǹkan bíi 7°C. Rọ́bà táyà òtútù ṣì máa ń rọ̀, àwọn ìlà wẹ́wẹ́ ojú rẹ̀ sì ń gbá yìnyín mú. Òfin Québec, ìpínlẹ̀ kan ní Kánádà, gan-an kò yọ jíìpù sílẹ̀: láti ọjọ́ 1 oṣù Kejìlá sí ọjọ́ 15 oṣù Kẹta, táyà òtútù ni dandan. Tí ẹ bá fẹ́ rà á, ẹ wo àmì òkè tó ní yìnyín nínú lára táyà náà, kí ẹ sì ra mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kì í ṣe méjì.