Ta ló ní send àti receive ń pẹ́ ju wáyà lọ?

Ó tún dé. Ẹnì kan tún ń kọ́ àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ Pure Data (Pd, ètò kọ̀ǹpútà tí à ń fi so àpótí pọ̀ láti ṣe ìró àti orin) pé kí wọ́n sá fún send àti receive (s àti r, àpótí méjì tó ń fi orúkọ kan náà bá ara wọn sọ̀rọ̀ láìsí wáyà), kí wọ́n máa fa wáyà láti òkè délẹ̀, torí pé ohun tí kò bá ti lókùn á pẹ́ kó tó dé. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Bluetooth ló ń pẹ́. Netsend, tó ń gba orí nẹ́tíwọ́ọ̀kì, lè pẹ́. Ní ti send, kò sí afẹ́fẹ́ tó ń gbà kọjá; inú kọ̀ǹpútà kan náà, inú Pd kan náà, ni ohun gbogbo ti ń ṣẹlẹ̀.

Bí ẹ bá kọ r iyara sínú àpótí, ó fi orúkọ náà sílẹ̀ lọ́dọ̀ Pd. Bí nọ́ńbà bá wọ s iyara, Pd á pe r náà ní tààrà, bó ṣe ń pe àpótí tó wà ní ìdí wáyà gan-an. Ọ̀rọ̀ náà kì í tò sórí ìlà, kì í dúró de aago. Gbogbo iṣẹ́ tó wà lábẹ́ r á parí kí àpótí tó rán s níṣẹ́ tó bọ́ sórí nǹkan mìíràn.

Ẹ̀rí tó dá mi lójú jù nìyí, kò sì gbà ju ìṣẹ́jú kan lọ. Ẹ ṣí patch (ojú ewé iṣẹ́ Pd) òfìfo. Ẹ to r a, + 1 àti s a tẹ̀lé ara wọn, kí ẹ fi wáyà so wọ́n, kí ẹ wá ju nọ́ńbà kan sínú + 1. Pd á kígbe stack overflow (ìyẹn ni pé ọ̀rọ̀ ń pe ara rẹ̀ láìdúró rárá) lójú ẹsẹ̀, igbe kan náà tó ń ké bí ẹ bá fi wáyà lásán so + 1 mọ́ ara rẹ̀. Ẹ wá fi pipe 10 sáàárín + 1 àti s a: igbe á dákẹ́, nọ́ńbà á sì máa gòkè ní mílísẹ́kọ́ńdì 10, 10. Ìdádúró gidi nìyẹn. Bó bá wà láàárín s àti r tẹ́lẹ̀, bó ti wù kó kéré tó, igbe àkọ́kọ́ yẹn ò bá má wáyé.

Ẹni tó bá ṣì fẹ́ ka aago, kó má lo timer, torí aago inú Pd ni timer ń kà: á sọ 0 fún wáyà, á sọ 0 fún s. Realtime, tó ń ka aago gidi, ni kẹ́ ẹ lò. Ẹ pa DSP (ẹ̀ka Pd tó ń ṣe ìró). Ẹ fi t b b b (t ni trigger, tó ń rán nǹkan jáde láti ọ̀tún sí òsì) pín bang, ìyẹn àmì “ó yá”, sí mẹ́ta: ti ọ̀tún sí ihò òsì realtime, ti àárín sí àpótí ọ̀rọ̀ (message) 1000000 tó wọ until, tó máa rán bang iye ìgbà yẹn, ti òsì sí ihò ọ̀tún realtime. Ẹ kọ́kọ́ fi wáyà so until mọ́ f, àpótí tó ń tọ́jú nọ́ńbà. Lẹ́yìn náà, ẹ gbà á gba s àti r. Mo gbà pé àpótí méjì tó kún un kì í ṣe ọ̀fẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ fi mílíọ̀nù kan pín ìyàtọ̀ náà kẹ́ ẹ wò ó bóyá etí ẹnikẹ́ni lè gbọ́ ọ.

Ibi tí àhesọ yìí ti rí ẹsẹ̀ dúró ni ìró, ìyẹn s~ àti r~, send àti receive ti ìró (àmì ~ ló ń fi àpótí ìró hàn). Sample (ègé ìró kékeré) 64 ni Pd ń ṣe lẹ́ẹ̀kan, èyí tí à ń pè ní block. Ní 44100 Hz, ó jẹ́ nǹkan bíi mílísẹ́kọ́ńdì 1.45. Tí ẹ bá tan DSP, Pd á to gbogbo àpótí ìró sórí ìlà. Wáyà máa ń sọ fún un ẹni tó yẹ kó ṣáájú. S~ àti r~ kì í sọ ọ́. Bí s~ bá bọ́ síwájú, ìdádúró jẹ́ 0. Bí r~ bá ṣáájú, block àná ló máa kà: sample 64 géérégé. Kò sí èyí tó wà láàárín méjèèjì.

Láti mọ èyí tó ṣẹlẹ̀ nínú patch yín, ẹ so phasor~ 100 (tó ń ṣe ìgbì ìró 100 Hz) mọ́ s~ x àti ihò òsì -~ (àpótí ìyọkúrò), kí r~ x wọ ihò ọ̀tún, kí ẹ fi print~ wò ó. Bó bá jẹ́ òdo lásán, kò sí ìdádúró. Ẹ má fi 689.0625 Hz dán an wò: àyípo kan rẹ̀ gba sample 64 gan-an, òdo ni ẹ máa rí bó pẹ́ bí kò pẹ́.

Àtúnṣe rẹ̀ kò le. Ẹ gbé s~ sínú subpatch (patch kékeré inú patch) tó ní outlet~, r~ sínú òmíràn tó ní inlet~, kí ẹ so méjèèjì pọ̀, kódà bí ìró kankan kò bá gba wáyà yẹn. Pd á wá mọ ẹni tó ṣáájú. Miller Puckette tó kọ Pd ti fi ọgbọ́n yìí sínú àpẹẹrẹ G05 tó bá Pd wá. Bó bá sì jẹ́ pé ẹ fẹ́ kí ìró padà wọ ara rẹ̀, block kan yẹn gan-an lẹ nílò. Wáyà lásán, DSP loop detected ló máa bí.

Àwọn tó ní ìlù àwọn ń kọsẹ̀ nítorí s, ẹ lọ wo line~ yín, àpótí tó ń gbé iye láti ibì kan dé ibòmíràn díẹ̀díẹ̀. Ìbẹ̀rẹ̀ block nìkan ni line~ ti ń gbéra, yálà wáyà ló pè é tàbí s. Ẹ fi vline~ rọ́pò rẹ̀.

Ohun tó ń ba patch jẹ́ ní tòótọ́ ni orúkọ. Gbogbo patch tó ṣí ló ń gbọ́ s iyara, nítorí náà ẹ̀dà mẹ́jọ abstraction kan (patch tí ẹ fi pamọ́ láti máa lò bí àpótí) á máa gbọ́ ọ̀rọ̀ ara wọn. Ẹ kọ ọ́ báyìí: s $0-iyara, r $0-iyara; $0 ni nọ́ńbà ọ̀tọ̀ tí Pd fún ẹ̀dà kọ̀ọ̀kan. Inú àpótí ọ̀rọ̀, $0 kì í ṣiṣẹ́, 0 ló ń dà. Ẹ fi f $0 rán nọ́ńbà náà sí i, kí ẹ wá kọ ; $1-iyara 440 síbẹ̀. Bí r márùn-ún bá sì ń jẹ́ orúkọ kan náà, ẹ má gbára lé èyí tó máa kọ́kọ́ gbọ́. Ẹ fún wọn ní orúkọ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, kí t sì pè wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan láti ọ̀tún sí òsì.