Mílíọ̀nù 60 dọ́là tí kò pé

Níbi tí mo ti lọ gẹrun, ẹnì kan ka ìròyìn lórí fóònù rẹ̀ pé agbábọ́ọ̀lù kan ní NFL, ìyẹn líìgì bọ́ọ̀lù alákoto ti Amẹ́ríkà, ti fọwọ́ sí àdéhùn ọdún márùn-ún, àìmọye mílíọ̀nù dọ́là. Kí onígbàjámọ̀ tó gbọn irun kúrò lọ́rùn mi, wọ́n ti sọ owó náà di náírà, wọ́n ti pín in sí ọdún márùn-ún, wọ́n sì ti bá ọmọ ọlọ́mọ kọ́ ilé sí Lẹ́kí. "Ẹ̀gbọ́n, ìyà ti tán lọ́rọ̀ eléyìí," ni ọmọṣẹ́ ibẹ̀ wí. Mo ní, "Èló nínú ẹ̀ ló dájú?" Wọ́n wò mí bí onílara.

Mi ò dá wọn lẹ́bi. Bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ tí gbogbo wa mọ̀ ló ń ṣì wá lọ́nà. Ní England tàbí Spain, bí kìlọ́ọ̀bù bá fún ọmọ ní àdéhùn ọdún márùn-ún, wọn ò lè jí lọ́jọ́ kan kí wọ́n ní àwọn ò ṣe mọ́. Àfi kí wọ́n tà á, tàbí kí wọ́n bá a dúnàádúrà lórí owó tó kù. Ti Amẹ́ríkà, bọ́ọ̀lù alákoto yẹn, kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹgbẹ́ lè já ọ sílẹ̀, owó ọdún tó kù tí wọn kò kọ ìdánilójú sí a sì bá afẹ́fẹ́ lọ.

Ẹ wo Nnamdi Asomugha, agbábọ́ọ̀lù ọmọ Igbo tí wọ́n bí sí Lafayette, ní Louisiana. Ní 2011, ẹgbẹ́ Philadelphia Eagles fún un ní àdéhùn ọdún márùn-ún, mílíọ̀nù 60 dọ́là. 60 yìí ni gbogbo ìwé ìròyìn gbé. Mílíọ̀nù 25 ló dájú níbẹ̀. Nígbà tó fi máa di oṣù kẹta 2013, lẹ́yìn sáà méjì péré, wọ́n ní kó máa lọ. Ọkùnrin náà kò di aláìní o. Owó tó ti gbà ní ẹgbẹ́ Oakland ṣáájú kì í ṣe kékeré. Ṣùgbọ́n mílíọ̀nù 60 yẹn, kò sẹ́ni tó kà á fún un rí.

Bí wọ́n ṣe ń tò ó nìyí. Owó ìfọwọ́síwèé ni wọ́n kọ́kọ́ ń san, ìyẹn ti di tiẹ̀. Lẹ́yìn náà ni owó iṣẹ́ ọdọọdún, tí wọ́n pín sórí ọ̀sẹ̀ 18 tí sáà fi ń lọ. Ọ̀sẹ̀ tí o bá wà nínú ẹgbẹ́ lo jẹ́ owó rẹ̀. Àwọn ọdún ìgbẹ̀yìn ni wọ́n sábà máa ń di owó ńlá sí, kí àpapọ̀ lè dún létí. Inú éjẹ́ǹtì á dùn, inú kìlọ́ọ̀bù náà á dùn, torí wọ́n mọ̀ pé ó ṣeé ṣe kí ọjọ́ yẹn má dé láéláé. Nígbà tí agbábọ́ọ̀lù Kirk Cousins gba mílíọ̀nù 84 dọ́là ní ẹgbẹ́ Minnesota lọ́dún 2018, tí gbogbo rẹ̀ dájú, ariwo gba ìlú. Ká ní bí gbogbo wọn ṣe ń gbà á nìyẹn, kí ni wọn ì bá máa pariwo sí?

Àwọn tí ìròyìn kì í dárúkọ ńkọ́? Ẹgbẹ́ 32 ló wà. Àádọ́rùn-ún èèyàn ni ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ń kó wọ ibùdó ìgbáradì. Nígbà tí oṣù kẹjọ bá ń parí lọ, wọ́n gbọ́dọ̀ dín in kù sí 53. Ẹ ṣírò rẹ̀: ó lé ní ẹgbẹ̀rún ọkùnrin. Ẹnì kan á wá kanlẹ̀kùn rẹ, á ní, "Kóòṣì ń pè ọ́, mú ìwé eré rẹ dání." "Turk" ni wọ́n ń pe ẹni tó ń jẹ́ iṣẹ́ yìí, bí wọ́n bá ti rí i lójú ọ̀nà, oníkálukú á máa gbàdúrà pé kó kọjá iyàrá òun. Àwọn díẹ̀ á rí àyè nínú àwọn tó ń bá ẹgbẹ́ dánrawò, tí wọ́n ń gba owó ọ̀sẹ̀ (13,000 dọ́là fún àwọn tuntun ní 2025). Àwọn yòókù á wá iṣẹ́ míì.

Ọmọ wa kan náà gba ojú ọ̀nà tóóró yìí kọjá. Adewale Ogunleye, tí wọ́n bí sí Brooklyn ní 1977, gbá bọ́ọ̀lù ní Yunifásítì Indiana títí orúnkún rẹ̀ fi bàjẹ́. Nígbà tí wọ́n ń yan àwọn ọmọ tuntun ní 2000, ìpele méje gbáko ni wọ́n yàn, kò sẹ́ni tó pe orúkọ rẹ̀. Miami Dolphins ṣáà gbà á, ó jókòó wo orúnkún fún odindi sáà kan. Ní 2003, ẹ̀ẹ̀mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ló gbé ẹni tó fẹ́ ju bọ́ọ̀lù lulẹ̀ kó tó jù ú. Kò sí ẹni tó ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ lọ́dún yẹn ní AFC, ọ̀kan nínú ìhà méjì tí wọ́n pín líìgì náà sí. Ìgbà yẹn ló tó lẹ́nu láti béèrè owó. Ó kọ̀ kò lọ síbi ìgbáradì, Miami tà á fún Chicago Bears ní 2004, ìyẹn sì fún un ní àdéhùn ọdún mẹ́fà, nǹkan bí mílíọ̀nù 33. Ó lo ọdún mẹ́fẹ̀ẹ̀fà pé. Àwọn tó ń rí irú ẹ̀ kò pọ̀.

Ẹ má sì tìtorí èyí kó sí kòtò kejì. Àwọn míì á ní gbogbo wọn ló ń padà di tálákà, wọ́n á ní ìwé ìròyìn eré ìdárayá Sports Illustrated sọ ọ́ ní 2009 pé 78 nínú ọgọ́rùn-ún ló ń jẹ gbèsè wọgbó láàárín ọdún méjì tí wọ́n fẹ̀yìn tì. Wọ́n ti gé gbólóhùn náà láàárín: ohun tó wà níbẹ̀ ni pé wọ́n wọko gbèsè *tàbí* pé owó ń fún wọn lọ́rùn nítorí àìríṣẹ́ tàbí ìkọ̀sílẹ̀. Àwọn onímọ̀ ọrọ̀ ajé tó tọ ipasẹ̀ àwọn tí wọ́n yàn láti 1996 sí 2003 rí i pé nǹkan bí 16 nínú ọgọ́rùn-ún ló lọ sílé ẹjọ́ lọ kéde gbèsè láàárín ọdún 12 lẹ́yìn bọ́ọ̀lù. Èyí tó yà mí lẹ́nu ni pé owó ńlá kò gba àwọn tó gbà á sílẹ̀ ju àwọn yòókù lọ. Ogunleye fúnra rẹ̀ bọ́ sídìí iṣẹ́ owó ní báńkì UBS, níbi tó ti bójú tó ẹ̀ka tó wà fún àwọn eléré ìdárayá àti òṣèré.

Mo ṣàlàyé gbogbo èyí tán níbi ìgẹrun. Ọmọṣẹ́ náà tún fóònù gbé. Ó yọ ọdún mẹ́ta ìgbẹ̀yìn, ó yọ owó orí, ó yọ ìdá mẹ́ta nínú ọgọ́rùn-ún fún éjẹ́ǹtì. Ó wò ó títí.

"Ẹ̀gbọ́n, ilé Lẹ́kí yẹn, ṣé ká kúkú gbé e lọ sí Mowé?"