Èsì wa fún oníbàárà tó ní fáńdéṣọ̀n wa di eérú lójú òun

Oníbàárà wa, ẹ kú ọjà, ẹ kú ìnáwó. A ti ka ohun tí ẹ kọ nípa ṣọ́ọ̀bù wa ní Ògbómọ̀ṣọ́, a sì rí ìràwọ̀ mẹ́ta tí ẹ fún wa. Kí ẹlòmíì tó ń kà á lè mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ti wá: ẹ ní ọkùnrin ni yín, ẹ máa ń múra bí obìnrin nílé. Ẹ wá síwájú káńtà wa lọ́sàn-án ọjọ́ Jímọ̀, obìnrin kún ibẹ̀ fọ́fọ́, ẹ bá sọ pé ìyàwó yín ló rán yín wá ra fáńdéṣọ̀n. Ọmọ iṣẹ́ wa bèèrè bóyá ìyàwó náà pupa, ẹ ní bẹ́ẹ̀ ni. Ẹ délé, ẹ kùn ún, ojú yín di eérú, irùngbọ̀n tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ fá sì ń yọjú lábẹ́ rẹ̀. Ẹ wá bi wá bóyá ọjà wa ni kò dáa, bóyá irú yín lè dúró níwájú káńtà kí ojú má tì í, àti bóyá ẹ lè máa lé tìróò tí wọ́n ń kiri tà.

Ọjà náà dáa. Ojú tí wọ́n yàn án fún ni kò sí láyé. Ìyàwó tí ẹ sọ pupa, ẹ̀yin dúdú. Àwòrán ọrùn yín tí ẹ fi mọ́ ọ̀rọ̀ yín ló jẹ́ ká mọ̀. A kò bínú sí irọ́ náà. "Ìyàwó mi ló rán mi", "àbúrò mi ló ní kí n bá òun rà á", ojoojúmọ́ la ń gbọ́ ọ, kódà lẹ́nu ọkùnrin tó kàn fẹ́ bo àpá irorẹ́ kó tó lọ ya fọ́tò. Ṣùgbọ́n irọ́ yẹn ló jẹ owó yín. Ẹni tó bá ní "èmi ni mo fẹ́ lò ó" ló ń gbé àwọ̀ tó bá a mu relé, nítorí ojú tó wà níwájú wa nìkan la lè wá àwọ̀ fún.

Ohun tó fa eérú nìyí. Funfun kan wà tí wọ́n fi ń mú àwọ̀ fáńdéṣọ̀n mọ́lẹ̀, titanium dioxide lorúkọ rẹ̀. Tó bá pọ̀ lórí awọ dúdú, kì í mú un pupa, ṣe ló máa ń dà bíi pé èèyàn kò fi ìpara pa ara lásìkò ọyẹ́. Èyí tí pupa rẹ̀ bá tún fà sí pínǹkì burú jù, torí ara ọ̀pọ̀ nínú wa fà sí yẹ́lò tàbí sí pupa ilẹ̀. Àtíkè tí wọ́n kọ translucent sí lára náà ń dá kún un: funfun ni púpọ̀ nínú wọn, tí iná kámẹ́rà bá kọ sí i, abẹ́ ojú àti iwájú orí á funfun báláú. Fún ara dúdú, àtíkè tó ní àwọ̀ yín tàbí èyí tó fà sí yẹ́lò ni kí ẹ béèrè.

Tí ẹ bá fẹ́ yan àwọ̀, ẹ má fi í sẹ́yìn ọwọ́. Oòrùn ti jó ọwọ́ ju ojú lọ. Ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ mẹ́ta, ti àwọ̀ mẹ́ta tó súnmọ́ra, la máa ń fà láti ẹ̀rẹ̀kẹ́ wá sí ọrùn. Fún obìnrin, orí egungun àgbọ̀n gan-an la máa ń fà á sí. Fún ẹni tó ń fá irùngbọ̀n, kò gbọdọ̀ jẹ́ ibẹ̀, torí dúdú irun tó wà lábẹ́ awọ yóò tan yín jẹ, ẹ ó mú àwọ̀ tó ṣú ju ojú yín lọ. Ẹ bọ́ sí iwájú etí, níbi tí irun kò sí, kí ìlà náà sì dé ọrùn. Lẹ́yìn náà, ẹ gbé dígí lọ sẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù, sínú ìmọ́lẹ̀ ọjọ́ tí kì í ṣe oòrùn gangan. Iná funfun inú ṣọ́ọ̀bù máa ń pa yẹ́lò mọ́. Ẹ dúró fún nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí ẹ tó pinnu, nítorí ọ̀pọ̀ fáńdéṣọ̀n ló máa ń ṣú sí i díẹ̀ tí afẹ́fẹ́ àti òróró ara bá ti kàn án. Ìlà tí ẹ bá wá tì, tí ẹ kò rí mọ́, òun ni tiyín. Èyí tó dà bí eérú ti mọ́lẹ̀ jù tàbí ó ti fà sí pínǹkì. Èyí tó dà bí ọsàn ti pupa jù.

Ìgo tí ẹ ti rà kò ṣòfò. A kì í gba ohun tí wọ́n ti ṣí padà, nítorí ìmọ́tótó, ṣùgbọ́n ẹ lè ra ìgo kékeré tó ṣú jù yín lọ, kí ẹ máa pò wọ́n pọ̀ lẹ́yìn ọwọ́. Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú èyí tó ṣú, kí ẹ máa kán èyí tó mọ́ sí i díẹ̀díẹ̀. Ẹ ka ara ìgo méjèèjì dáadáa: tí omi bá ṣáájú lára ọ̀kan tí sílíkónì sì ṣáájú lára èkejì, wọn kì í fẹ́ra, wọ́n á máa dì ní wóróworó lójú.

Ọ̀rọ̀ irùngbọ̀n ló gba àlàyé jù, òun náà ló sì ń lé ọ̀pọ̀ ọkùnrin padà sílé lẹ́yìn ìgbà àkọ́kọ́. Fífá kì í mú irun kúrò. Gbòǹgbò rẹ̀ ṣì wà lábẹ́ awọ, òun ló ń hàn bí aró. Ẹni tí kò mọ̀ á máa lé fáńdéṣọ̀n lórí fáńdéṣọ̀n, aró náà á ṣì máa yọ, nígbà tó bá sì fi di ọ̀sán, òógùn á ti mú ìpele tó nípọn yẹn sán wẹ́wẹ́. Àwọ̀ ọsàn ló ń pa aró, torí pé òdìkejì ni wọ́n jẹ́ sí ara wọn. Ẹ ra àtúnṣe àwọ̀ (ìpara tí wọ́n ń pè ní color corrector) tó fà sí ọsàn: ẹni tó pupa díẹ̀, kó mú ọsàn fẹ́ẹ́rẹ́, ẹni tó dúdú bíi tiyín, kó mú ọsàn tó ti ń wọnú pupa. Ìwọ̀n ẹyọ ẹ̀wà kan tó fún gbogbo ibi tí irun wà, kí èyí tó pọ̀ jù sì wà lórí ètè òkè àti àgbọ̀n, níbi tí irun ti nípọn. Ẹ fi ìka tàbí fóòmù tẹ̀ ẹ́ mọ́ awọ. Ẹ má fà á. Kó má kọjá ibi tí irun mọ. Ẹ da àtíkè díẹ̀ lé e, ẹ dúró fún ìṣẹ́jú kan, kí ẹ tó mú fáńdéṣọ̀n tó tó ẹyọ àgbàdo méjì, kí ẹ fi fóòmù tó tutù díẹ̀ máa gbá a mọ́ ojú ní pẹ́tẹ́pẹ́tẹ́. Tí ọsàn bá yọ sókè lẹ́yìn èyí, ó jẹ́ pé ẹ fi sí i jù, tàbí pé ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì fa fáńdéṣọ̀n, ó sì gbé ohun tó wà nísàlẹ̀. Tówó kò bá tó, lípítíìkì aláwọ̀ ọsàn tí kì í dán lè ṣe iṣẹ́ kan náà, àmọ́ àtíkè tí ẹ ó da lé e gbọ́dọ̀ pọ̀ díẹ̀ sí i kó má baà yọ̀.

Gbogbo èyí dúró lórí bí ẹ ṣe fá a. Ẹ fi aṣọ tí ẹ rì bọ omi lílọ́wọ́ọ́rọ́ bo àgbọ̀n fún bí ìṣẹ́jú mẹ́ta, ẹ lo abẹ tuntun, kí ẹ fá a lọ sí ibi tí irun dorí kọ. Ẹni tó bá ń fá a lódìlódì nítorí kó lè mọ́ rọ́rọ́ ń wá bọ́m̀pù: irun wa ká, ṣóńṣó tí abẹ gé máa ń yí padà wọnú awọ, ibẹ̀ á sì wú. Kò sí fáńdéṣọ̀n tó ń bo ohun tó wú, àwọ̀ nìkan ló ń bò. Ẹ jẹ́ kí awọ sinmi tó ìdajì wákàtí kí ẹ tó fi ohunkóhun kàn án. Àwọn kan fẹ́ràn páúdà ìfárùngbọ̀n tí wọ́n ń fi omi pò, òórùn ẹyin tó bàjẹ́ ló máa ń ní. Ó dáa fún ẹni tí bọ́m̀pù ń yọ lẹ́nu, àmọ́ ẹ kọ́kọ́ dán an wò níbi kékeré lára, kí ẹ fọ̀ ọ́ kúrò, kí ẹ dúró di ọjọ́ kejì kí ẹ tó lò ó lójú, kó má kọjá ìṣẹ́jú tí wọ́n kọ sára agolo, kí ẹ má sì lò ó lọ́jọ́ tí abẹ bá ti kàn yín.

Òógùn ńkọ́? Ẹ fi tíṣù tẹ̀ ẹ́ kúrò kí ẹ tó fi àtíkè kún un. Àtíkè lórí òógùn, ẹ̀kọ ni.

Ó wá kan ọ̀rọ̀ káńtà. Ọ̀sán Jímọ̀ tí ẹ wá ni ìgbà tó burú jù lọ nínú ọ̀sẹ̀. Àwọn tó ní òde lọ́jọ́ Sátidé ni wọ́n máa ń kún ibẹ̀, àwọn tó ń kun ìyàwó lójú náà a máa wá kó ẹrù, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ LAUTECH á sì dé lẹ́yìn kíláàsì. Ẹ wá ní àárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun tàbí Ọjọ́rú, láàárín aago mẹ́sàn-án sí mọ́kànlá. Owó ọjà kọ̀ọ̀kan wà lára pẹpẹ, ẹ kò nílò láti bi ẹnikẹ́ni. Gbólóhùn kan péré ti tó: "Mo ń wá fáńdéṣọ̀n tó bá ojú mi mu, mo sì ń fá irùngbọ̀n." Ọmọ iṣẹ́ tó mọṣẹ́ kò ní béèrè ju èyí lọ, yàtọ̀ sí bóyá ara yín máa ń yọ òróró àti bóyá fọ́tò lẹ fẹ́ lò ó fún. Tó bá rẹ́rìn-ín, ní ṣọ́ọ̀bù yòówù, tiwa pẹ̀lú, ẹ gbé ọjà sílẹ̀ kí ẹ máa lọ. Káńtà pọ̀ láti Táákì dé Under G.

Ẹ tún fọkàn balẹ̀ pé ẹ̀yin nìkan kọ́. Àwọn ọkùnrin tó ń ṣe ìyá nínú fídíò apanilẹ́rìn-ín ń rajà lọ́dọ̀ wa, àwọn eléré orí ìtàgé náà ń rà. Ní Ọ̀yọ́ tó wà nítòsí wa níbí, ẹlẹ́gùn Ṣàngó ọkùnrin ń dirun bí obìnrin, ó ń wọ yẹ̀rì, gbogbo ìlú sì ń dọ̀bálẹ̀ fún un. Ẹni tó bá ní ohun àjèjì ni kí ọkùnrin jókòó síwájú dígí kò tíì rìn dé Kòso, ibi tí ojúbọ Ṣàngó wà.

Síbẹ̀, inú ṣọ́ọ̀bù nìkan la lè ṣèlérí ààbò yín, a kò lè ṣèlérí rẹ̀ ní ìgboro. Ibi tí ẹ bá ti dán àwọ̀ wò, ẹ jẹ́ ká nù ún kúrò pátápátá kí ẹ tó gun ọ̀kadà. Òwú tí a rì bọ àdín díẹ̀ á gbé e láìfi ipá fa awọ. Ọ̀rá dúdú la máa ń di ọjà sí. A kì í gbé àwòrán oníbàárà kankan sórí sítátọ́ọ̀sì láìgbàṣẹ. Ẹni tí kò bá tíì lè wá rárá lè fi àwòrán ránṣẹ́ lórí WhatsApp: ọrùn àti àyà nìkan, kò pọn dandan kí ojú wà níbẹ̀. Kó yà á lábẹ́ ibòji ní àárọ̀, láìsí fílítà, kó sì mú bébà funfun kan dání sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọrùn. Tí bébà yẹn bá yẹ́lò tàbí tó fà sí búlúù lójú fóònù wa, a ó mọ̀ pé kámẹ́rà ti yí àwọ̀ padà.

Ẹ má ra gbogbo ilé ìtajà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Àtúnṣe ọlọ́sàn, fáńdéṣọ̀n, àtíkè àti fóòmù kan ti tó fún ìbẹ̀rẹ̀. Irun ìpéǹpéjú àtọwọ́dá lè dúró. Lípítíìkì tó wà fún ìdánwò, orí ìka ni kí ẹ fi í sí, má jẹ̀ẹ́ kó kan ètè, torí egbò ẹnu ń ti ara rẹ̀ ràn. Màsíkárà kò sì ní ìdánwò lọ́dọ̀ wa rárá. Èyí tí ẹ bá rà, tó bá ti pé oṣù mẹ́ta tí ẹ ti ṣí i, ẹ jù ú nù.

Ti tìróò, ẹ má lé e, àyàfi tí ẹ bá mọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Òkúta tí wọ́n ń lọ̀ ṣe púpọ̀ nínú èyí tí wọ́n ń kiri tà ní òjé nínú. Lọ́dún 2011, ní Boston ní Amẹ́ríkà, wọ́n rí òjé tó pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀ ọmọ ọwọ́ kan. Tìróò tó wá láti Nàìjíríà ni wọ́n ń lé fún un, nígbà tí wọ́n sì yẹ̀ ẹ́ wò, ìdá 82.6 nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀ ló jẹ́ òjé. Pẹ́ńsùlù dúdú tó ní nọ́ńbà NAFDAC lára ni kí ẹ lò. Ẹ gbẹ́ ẹnu rẹ̀ kí ẹ tó fi kan ojú nígbàkigbà, kí ẹ fà á sí ìta ibi tí irun ìpéǹpéjú ti hù, kì í ṣe inú. Pẹpẹ kejì ló wà, lápá ọ̀tún tí ẹ bá ti wọlé.